Ìmọ́lẹ̀ tó ń gé ẹran: bí lésà ṣe dé ìdí prósítéètì àwọn bàbá wa

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tó bá ní bàbá, ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n bàbá, ẹni tó máa di bàbá lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó kọjá.

Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, gbogbo wa kóra jọ sílé ní Ìbàdàn. Yàrá tí mo sùn sí ò jìnnà sí ilé ìtọ̀. Lóru ọjọ́ kìíní, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà ní aago méjìlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Àgbà, gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ ní aago kan kọjá. Mo tún gbọ́ ọ ní aago mẹ́ta. Ohun tó ká mi lára jù ni pé tó bá ti wọlé síbẹ̀, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin. Ó kàn dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ìtọ̀ á wá máa kán díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ọkùnrin tí ò bá rí ìtọ̀ tọ̀, àtọ̀sí ló ní. Àgbàlagbà ẹni ọdún 71, tó ń gbé àpótí ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ibo ló yà sí. Ó gbà kóun máa dúró lóru ju kí ẹnikẹ́ni wo òun bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kejì, ìtọ̀ ọ̀hún dí pátápátá. Ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀ le bí agbada. Òru ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí i, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní catheter. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, rọ́bà yẹn ṣì wà lára ẹ̀. Abẹ́ agbádá ló ń gbé àpò ẹ̀ sí.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan ju àwòrán ìpolówó kan sórí WhatsApp ẹbí wa. “LÉSÀ! Kò sí ọ̀bẹ! Kò sí ẹ̀jẹ̀! Ọjọ́ kan ṣoṣo!” Owó tí wọ́n dá lé e, àfi ká ta mọ́tò. Àwọn kan ní ká san án. Àwọn kan ní jìbìtì ni, pé irú iná wo ni wọ́n fẹ́ fi sí àgbàlagbà lábẹ́. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo kàwé, tí mo tún ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun, lọ wádìí ẹ̀ wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á. Mo rò pé màá bá ìtàn ẹ̀rọ tuntun kan tó lé ọ̀bẹ kúrò nílé. Ìtàn ìka ọwọ́ kan ni mo bá. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí prósítéètì jẹ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan ni, ọkùnrin nìkan ló ní i. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló jókòó sí, ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín ẹ̀ kọjá, bí okùn ṣe ń gba àárín ìlẹ̀kẹ̀. Òun ló ń pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò tóbi ju kóró àwúsá kan lọ. Tí ọkùnrin bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú, inú ló sì máa ń wú sí. Ìlẹ̀kẹ̀ ń tóbi, ihò àárín ẹ̀ ń há. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọgọ́ta ọdún, bí ìdajì àwọn ọkùnrin ló ti ní i dé ìwọ̀n kan. Jẹjẹrẹ kọ́ ni èyí tí mò ń sọ yìí. Àtọ̀sí kọ́ ni. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹni téèyàn bá sùn. Tó o bá jẹ́ ọkùnrin, tó o sì pẹ́ láyé, ó lè kàn ọ́, ó tán.

Àwọn ará àtijọ́ mọ ìyà ìtọ̀ tó dí. Ìlú kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Pompeii, eérú òkè oníná bò ó mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, wọ́n bá páìpù idẹ tó tẹ̀ bíi lẹ́tà S láàárín irinṣẹ́ àwọn oníṣègùn ibẹ̀. Wọ́n á tì í gba ojú ara ọkùnrin wọlé kí ìtọ̀ lè jáde. Ní 1752, Benjamin Franklin, ẹni tí àwòrán ẹ̀ wà lára 100 dọ́là tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, ní kí alágbẹ̀dẹ fàdákà bá òun ṣe èyí tó ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tí òkúta inú àpò ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu. Rọ́bà tó wà lára Bàbá Àgbà báyìí, àbúrò àwọn yẹn ni. Fún ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún méjì, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi páìpù gba àárín ìdènà náà kọjá. Ìdènà yẹn fúnra ẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ di nǹkan mú fún èyí tó kàn. Ní àwọn ọdún 1890, oníṣẹ́ abẹ kan ní Philadelphia tó ń jẹ́ J. William White dábàá pé kí wọ́n máa tẹ àwọn bàbá tí prósítéètì wọn wú lọ́dàá. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń tẹ òbúkọ. Ẹ má tíì bú u o, torí èrò ẹ̀ ò jìnnà sí òótọ́: ohun tó ń ti inú ẹpọ̀n wá ló ń bọ́ prósítéètì, tí ẹ bá gé oúnjẹ yẹn, á súnkì. Wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn kan tiẹ̀ tọ̀ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan kú, ọ̀pọ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ ọ rárá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí nǹkan le dé, tí ẹnì kan fi lè dá irú àbá bẹ́ẹ̀, táwọn mìíràn sì gbà.

Ọdún díẹ̀ náà ni ìka ọwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wọlé.

Wọ́n á la ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n á la àpò ìtọ̀. Oníṣẹ́ abẹ á ti ìka kan wọlé láti òkè. Á wá ti ìka ọwọ́ kejì bọ ihò ìdí láti fi gbé prósítéètì sókè. Ìka ti òkè á wá máa wá ibi tí ẹran tó wú ti pàdé èèpo tó bò ó. Ẹ ti bó ọsàn tanjarín rí? Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tí èèpo ti fẹ́ ṣí, ẹ ò nílò ọ̀bẹ mọ́, ìka yín á kàn máa yọ́ lọ láàárín inú àti èèpo títí inú á fi jáde lódindi. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹran tó wú á jáde, èèpo á kù sílẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ á là gbayawu.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jà lórí ta ló kọ́kọ́ jó ijó kan lórí TikTok, ẹ wá kọ́ṣẹ́. Eugene Fuller ti ń ṣe é ní New York láti 1894. Ní òpin 1900, Peter Freyer, ọmọ Ireland tó ti ṣe dókítà ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe tiẹ̀ ní London, ó sì kéde ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e bíi pé òun ló dá a sílẹ̀. Fuller fárígá. Dókítà mìíràn láti New York ló ti lọ sí London lọ júwe iṣẹ́ Fuller fún Freyer! Wọ́n jà á nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tèmi ni pé Fuller ló ni í, Freyer ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1912, Freyer tẹ ìròyìn 1,000 èèyàn tó ti ṣe é fún jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹ̀jẹ̀. Ìka ò lè ran ojú ẹ̀jẹ̀ pa. Kò sí báǹkì ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn, kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ọmọ Ireland mìíràn, Terence Millin, tún un ṣe ní 1945: ó la prósítéètì fúnra ẹ̀ láti iwájú, kò la àpò ìtọ̀ mọ́, ìyẹn sì mú kó rọrùn láti rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Iṣẹ́ abẹ onílíla-ikùn yìí, èyí tí ìka ń ṣe, ni wọ́n ṣì ń ṣe fún ọ̀pọ̀ bàbá ní Nàìjíríà títí dòní. Kì í ṣe pé àwọn dókítà wa ò mọ ohun tó ń lọ láyé. Àwọn bàbá wa máa ń pẹ́ nílé kí prósítéètì tó dé ọsibítù, nígbà tó bá sì dé, á ti tóbi gan-an. Irinṣẹ́ tún wọ́n, iná ọba ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ẹ̀ka kejì nínú ìtàn yìí ni ti àwọn tó ní ẹ jẹ́ ká má la ikùn rárá, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Ní 1909, Hugh Hampton Young ti Johns Hopkins ní Baltimore ṣe páìpù kan tó ní ojú tó ń bu ẹran já. Kò fi ojú rí ohun tó ń bù o, àfojúbù ni. Ọkùnrin olówó kan tí wọ́n ń pè ní Diamond Jim Brady, tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tó ń fi dáyámọ́ǹdì bo ara bí ọba, tó sì ń jẹun bí ẹni pé ayé ń parí lọ́la, dé ọ̀dọ̀ Young ní 1912. Ara ẹ̀ ò dá, àwọn dókítà mìíràn ti kọ̀ láti là á. Young gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣe é, Brady sì tọ̀. Inú Brady dùn débi pé ó fún wọn lówó kọ́ odindi ilé ìwòsàn tó wà fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀ nìkan. Wọ́n ṣí i ní 1915, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ dòní. Ẹ ò rí i, ìtọ̀ tó já gaara máa ń mú kí èèyàn lawọ́.

Ní 1926, Maximilian Stern ní New York fi iná mànàmáná sí i: wáyà tíntín tó tẹ̀ roboto, iná gba inú ẹ̀, ó ń fá ẹran ní ìṣúṣù kéékèèké bí ẹni ń fá yìnyín. Joseph McCarthy tún un ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó fi awò sí i kí dókítà lè máa wo ohun tó ń gé. TURP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ọ̀gá. Òun náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tó bá tún dé.

Àléébù ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Omi tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ̀ nígbà iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ ní iyọ̀, torí omi iyọ̀ máa ń fọ́n iná yẹn ká. Tí iṣẹ́ bá sì pẹ́ jù, omi aláìníyọ̀ yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ ara á já wálẹ̀, aláìsàn lè dàrú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lè kú. Nítorí náà, dókítà ń sá fún aago. Prósítéètì tó bá tóbi ju 80 gíráàmù lọ, ọ̀pọ̀ wọn á ní ká kúkú la ikùn. Lóde òní, irú TURP kan ti wà tó ń lo omi iyọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé.

Ó dáa. Lésà wá dà?

Lésà ò bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn rárá. Albert Einstein ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1917 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí átọ́ọ̀mù tú ìmọ́lẹ̀ mìíràn sílẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ó tó ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ní oṣù Kọkànlá 1957, Gordon Gould kọ orúkọ LASER sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀, ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta súìtì ní New York, torí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà láṣẹ láti fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ó rò pé àfi kóun kọ́ ẹ̀rọ náà kóun tó lè gba ìwé àṣẹ pé òun lòun ni í. Irọ́ ni, kò nílò ẹ̀. Kó tó bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba, àwọn mìíràn ti lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a láre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nǹkan lórí fóònù tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́la, ẹ rántí Gould.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Malibu, Kalifọ́níà, pẹ̀lú òkúta rúbì tó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ìdáhùn tó ń wá ìbéèrè kiri ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà ojú àti dókítà awọ ara ti ń lò ó. Prósítéètì ṣì máa dúró fún ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ gbọ́ apá yìí dáadáa, torí òun ni àwòrán ìpolówó yẹn ò ní sọ fún yín. Lésà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀, oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n ní, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń jẹ nínú ara. Ẹ wo aṣọ dúdú àti aṣọ funfun nínú oòrùn ọ̀sán: oòrùn kan náà ni, dúdú ló ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara. Irú lésà kan, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà á mọ́ra. Òmíràn, omi ló ń gbà á. Òmíràn sì wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń dá a dúró, tó kàn ń wọlé lọ jìnnà.

Èyí tó ń wọlé jìnnà yẹn, Nd:YAG, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé ìdí prósítéètì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Lára àwọn tó kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀ ni Anthony Costello àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Melbourne, Ọsirélíà, ní 1992. Okùn gíláàsì tíntín ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé, orí ẹ̀ á darí ìmọ́lẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ẹ̀jẹ̀ ò dà! Àwọn kan sùn nílé lọ́jọ́ kejì! Ìwé ìròyìn gbé e. (Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ohùn ìpolówó yẹn báyìí?)

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ yẹn ò mú ẹran kúrò. Ó bọ̀ ọ́ ni, bí ẹran tí wọ́n gbé kaná. Ẹran tí wọ́n bọ̀ ṣì wà nínú ìkòkò. Ó kọ́kọ́ wú sí i, tí ìtọ̀ tún dí ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ó wá ń jẹrà, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn bàbá ń gbé rọ́bà kiri, ìtọ̀ ń ta wọ́n bí ata. Kó tó di òpin ọdún mẹ́wàá yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ti padà sídìí wáyà TURP wọn. Tí ẹ bá bá àgbà dókítà kan pàdé tó ń yínmú sí ọ̀rọ̀ lésà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó rí nígbà yẹn ló ń rántí.

Ẹ wá bá mi lọ sí Tauranga. Ìlú etíkun kan ni ní New Zealand, ẹrù kíwì ló ń gba èbúté ibẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni Peter Gilling àti Mark Fraundorfer ti ń ṣiṣẹ́. Lésà holmium ni wọ́n gbé lọ́wọ́, ojú ò lè rí ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀. Omi ló ń gbà á mọ́ra, omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹran ara, nítorí náà kì í wọlé ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń gé, ó sì ń dí ojú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń lọ. Omi iyọ̀ lásán ni wọ́n fi ń fọ inú ẹ̀, ewu omi aláìníyọ̀ yẹn kúrò ńlẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi sun ẹran náà, ó pẹ́ jù. Wọ́n fi gé e sí wẹ́wẹ́, ó sàn díẹ̀, ó ṣì ń pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ohun tó mú kí n gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo kà á. Wọ́n padà sídìí tanjarín.

Dípò kí wọ́n máa gé ẹran láti inú lọ síta, wọ́n wá ibi tí inú ti pàdé èèpo, ibi kan náà tí ìka Fuller àti Freyer ń wá. Ẹnu irinṣẹ́ á máa ti ẹran náà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á máa já àwọn fọ́nrán tó so ó mọ́ èèpo, títí ẹran náà á fi tú lódindi. Wọ́n á tì í bọ inú àpò ìtọ̀. Ìṣòro kan wá kù: báwo ni ẹran tó tóbi tó ọsàn ṣe máa gba ihò tíntín jáde? Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fà á mọ́ra tó sì ń lọ̀ ọ́ bí ẹ̀rọ ata, ó ń gbé e jáde. Ní 1998 wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ jáde, HoLEP ni orúkọ ẹ̀.

Ẹ ò rí i? Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi sá fún ìka yẹn. Páìpù tó ń bu ẹran, wáyà oníná, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ ẹran. Nígbẹ̀yìn, ohun tó ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ ìka, àmọ́ kò sẹ́ni tó la ikùn mọ́. Kí n má gbàgbé o: Hiraoka ní Japan ti ń bó o bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà ìtọ̀ láti àwọn ọdún 1980, láìsí lésà kankan. Ayé ò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ó dùn mí díẹ̀ fún un.

Nítorí pé bíbó ni, bó ṣe tóbi tó ò di ìṣòro mọ́. Prósítéètì tó ju 100 gíráàmù lọ, tí wọ́n máa ń la ikùn sí, HoLEP ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kéré gan-an sí ti ikùn líla, rọ́bà sì sábà máa ń kúrò láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ní àkókò kan náà, wọ́n gbé lésà aláwọ̀ ewé dé. Wọ́n mú Nd:YAG tó já wọn kulẹ̀ yẹn, wọ́n jẹ́ kó gba inú kírísítálì kan tó ń jẹ́ KTP kọjá, àwọ̀ ẹ̀ sì yí padà sí ewé. Àwọ̀ ewé yẹn, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbà á mọ́ra. Reza Malek ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi agbára ẹ̀ hàn ní òpin àwọn ọdún 1990. Ó ń sọ ẹran di oruku lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà, ó sì dára fún àwọn bàbá tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àmọ́ ohun tó ti di oruku, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ fara pamọ́ sínú ẹ̀. Ti HoLEP, gbogbo ẹran náà ló ń dé yàrá àyẹ̀wò.

Ohun tó wá wà nílẹ̀ fún wa nìyí. Lésà ti dé àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀ ní Nàìjíríà, owó ẹ̀ sì ga. HoLEP le láti kọ́. Dókítà nílò láti ṣe é fún ogún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn àádọ́ta èèyàn kí ọwọ́ ẹ̀ tó rọ̀. Ẹ̀rọ tó dára lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mi ò ní fi Bàbá Àgbà síbẹ̀. TURP lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, mo lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo pe nọ́ńbà tó wà lára ìpolówó yẹn, mo bi ẹni tó gbé e pé irú lésà wo ni. Ó ní “ti ìgbàlódé ni, ma.” Mo tún béèrè. Ó ní kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn bàbá ò ní bi dókítà, tí dókítà tó ń kánjú náà ò ní sọ. Bóyá lésà ni, bóyá wáyà ni, bóyá ìka ni, lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àtọ̀ kì í jáde síta mọ́ nígbà ìbálòpọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń gbà lọ sínú àpò ìtọ̀, á bá ìtọ̀ jáde tó bá yá. Kì í ṣe é ní nǹkan kan, okun ọkùnrin sì sábà máa ń wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọn ò bá sọ fún tẹ́lẹ̀, tó kàn rí i lọ́jọ́ kan, á rò pé wọ́n ti ba ayé òun jẹ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Èèyàn tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèpo yẹn ṣì wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ ṣì lè mú un, nítorí náà àyẹ̀wò ò parí. Gbogbo èèyàn kọ́ ló sì nílò iṣẹ́ abẹ o. Oògùn wà, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n bá tètè wá. Bàbá Àgbà ò tètè wá ni.

Èmi ni mo jókòó tì í ní Sunday tó kọjá tí mo ń sọ gbogbo èyí fún un, àti ti àtọ̀ yẹn náà. Ojú tì mí débi pé ògiri ni mò ń wò. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dúró lóru yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni.” Mo ní, “Bàbá, láti Pompeii ni.” Ó bú sẹ́rìn-ín, àpò ìtọ̀ ẹ̀ ń mì jìgìjìgì lábẹ́ agbádá.

Ọjọ́ Tuesday la máa rí dókítà mìíràn. Mo ti kọ ìbéèrè sórí bébà: Báwo ni ti Bàbá ṣe tóbi tó? Kí lẹ máa lò? Ẹ máa bó o ni, àbí ẹ máa sun ún, àbí ẹ máa fá a? Èèyàn mélòó lẹ ti ṣe é fún? Ẹran tó bá jáde, ṣé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Bàbá Àgbà ní kí n fi tòun kún un. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ń tàn. Mo ní èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ń tàn, holmium lójú ò lè rí.

Ó ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tí mi ò ní í rí ni kí wọ́n fi ṣe é.”